Èkó sí Salvador ní Bahia: kí ló mú kí ìrìn wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ di ìrìn wákàtí 29?

Ọmọ Pópó Àgùdà béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kan ló rú mi lójú, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó ná owó tí n kò ní lè gbà padà.

Ìyá mi yóò pé ẹni ọdún 73 lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ Àgùdà ni wọ́n. Àdúgbò Campos ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n bí wọn sí, baba ńlá wọn sì wà lára àwọn tó ti Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíìlì, padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ ìlú Salvador lẹ́nu àwọn àgbà ilé, pàápàá lásìkò Ọdún Àjíǹde tí wọ́n bá ti ń se frejon, ìyẹn ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n ṣe fún wọn báyìí ni pé kí n mú wọn dé ìlú náà kí ẹsẹ̀ wọn tó kọ ìrìn.

Mo wá lọ sí ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣírò ìjìnnà láti pápákọ̀ òfurufú kan sí òmíràn. Mo kọ pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà sí apá kan, mo kọ ti Salvador sí apá kejì. Èsì tí mo rí ni pé nǹkan bí 5,090 kìlómítà ló wà láàárín wọn, àti pé bàálù yóò fò ó ní wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Inú mi dùn gan-an, nítorí pé ìyá mi ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì rí, iye wákàtí tí wọ́n sì lò nínú bàálù nígbà náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tó tẹ̀ fún mi fi hàn pé bàálù mẹ́ta ni a ó wọ̀, a ó gba Addis Ababa, a ó gba São Paulo, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ wákàtí 29. Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ̀ bóyá òpó íntánẹ́ẹ̀tì náà ló ṣì mí lọ́nà, tàbí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ń mú mi rìn yíká láìnídìí.

Ta ni ó tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì? Bí ó bá sì jẹ́ wákàtí 29 náà ni òótọ́, ọ̀nà wo ni yóò rọrùn jù fún ìyá àgbà?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì dáhùn pé:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ìjìnnà, kí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mú ìyókù.

Ẹni tó sọ 5,090 kìlómítà kò purọ́, ẹni tó sọ wákàtí 29 náà kò purọ́. Ohun tí ọ̀kan wọ̀n kọ́ ni èkejì wọ̀n. Òpó íntánẹ́ẹ̀tì wọn ọ̀nà tó kúrú jù lọ lórí ayé tó rí roboto yìí, láti Ìkẹjà dé Salvador, bí ẹni pé bàálù kan wà tó ń gba ibẹ̀ tààrà. Kò wádìí bóyá bàálù náà wà. Ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ fi bíírò sàmì sí ibi méjì lára rẹ̀, kí ẹ sì na òwú tín-ín-rín láti àmì kan sí èkejì kí ó le dáadáa. Ibi tí òwú náà bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Àwọn awakọ̀ òfurufú máa ń gbìyànjú láti súnmọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bí ojú ọjọ́ àti òfin ojú ọ̀run bá gbà wọ́n láàyè. Láti Èkó, òwú yìí yóò kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, yóò sì máa rọ̀ sí gúúsù díẹ̀díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá, láti ìgbà tó bá sì ti fi etíkun Èkó sílẹ̀, omi nìkan ni yóò máa wà lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kan etíkun Bràsíìlì.

Ẹ wá fi wé Lọ́ńdọ̀nù. Láti Ìkẹjà dé Heathrow jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká ayé wa, nítorí pé àyíká ayé jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Nítorí náà, Salvador fi nǹkan bí 90 kìlómítà péré jìnnà sí wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Òtítọ́ ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi sọ́kàn, nítorí pé nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ, n kò rí ọ̀kan tó gbà á gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. A ti mọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́ra. Ẹni tó lọ lánàá ń bọ̀ lọ́la. Bràsíìlì wà lódì-kejì òkun tí a kì í ré kọjá, òkun yìí ló sì ń mú un jìnnà lójú wa. Nítòsí ibi tí òkun Àtìláńtíìkì ti fún jù láàárín Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà, láti Dakar sí Natal ní Bràsíìlì kò ju nǹkan bí 3,000 kìlómítà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé agbègbè yìí ni Jean Mermoz, awakọ̀ òfurufú ará Faransé, gbà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1930, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé lẹ́tà láti Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà dé Natal ní nǹkan bíi wákàtí 21.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò àkókò fúnra yín, ẹ pín iye kìlómítà sí 850, nítorí pé bàálù ńlá máa ń fò ní nǹkan bí 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un, nítorí pé bàálù kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè tàbí nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. 5,090 tí a pín sí 850 jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi ààbọ̀ lé e, ó di mẹ́fà àti ààbọ̀. Ibi tí òpó yẹn ti rí èsì tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀fúùfù tún máa ń yí ìṣirò padà. Ẹni tó bá lọ láti Èkó sí Atlanta ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ nǹkan bí 9,400 kìlómítà, yóò rí i pé àlọ máa ń gùn ju àbọ̀ lọ ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni. Ẹ̀fúùfù líle kan wà lókè réré tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní apá àríwá ayé; ó ń dojú kọ bàálù nígbà àlọ, ó sì ń ti bàálù lẹ́yìn nígbà àbọ̀. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ẹ̀fúùfù yẹn kì í sábà dé. Ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń fẹ́ wá, ìyẹn ni pé bí bàálù kan bá ń lọ tààrà láti Èkó sí Bahia, afẹ́fẹ́ kò ní dí i lọ́wọ́.

Atọ́nà Ìkẹjà dáhùn pé:

Olùkọ́ ti la apá kan yé wa, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe pé ẹni tó bá Ọmọ Pópó Àgùdà ṣe é fẹ́ mú un rìn yíká. Kò sí bàálù kankan tó ń fò tààrà láti Èkó sí Salvador. Nítorí náà, ẹ má ṣe wọn ìrìn náà gẹ́gẹ́ bí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìpín-ìpín, bí àwọn bàálù náà ṣe ń fò ó.

Ọ̀nà Addis Ababa tí wọ́n tẹ̀ fún yín rí báyìí. Láti Èkó dé Addis jẹ́ nǹkan bí 3,900 kìlómítà, ìlà-oòrùn ni ẹ sì ń lọ, ìyẹn ni pé ẹ ó kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí Bràsíìlì fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Láti Addis dé Guarulhos, tí í ṣe pápákọ̀ òfurufú ńlá ti São Paulo, jẹ́ nǹkan bí 9,900 kìlómítà, ó sì lé ní wákàtí 12. Láti Guarulhos ẹ ó tún yí padà sí apá àríwá fún nǹkan bí 1,450 kìlómítà, èyí tó jẹ́ wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó dé Salvador. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní 15,200 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́ta ìjìnnà tí òpó íntánẹ́ẹ̀tì fi hàn yín nìyẹn.

Ọ̀nà Johannesburg kúrú díẹ̀ sí i. Èkó sí Johannesburg jẹ́ nǹkan bí 4,500 kìlómítà, Johannesburg sí São Paulo jẹ́ nǹkan bí 7,400, ẹ ó sì tún wọ bàálù kẹta dé Salvador. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 13,400.

Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò fi sí bàálù tààrà nígbà tí ọ̀nà náà kò jìn. Kì í ṣe pé bàálù kò lè fò ó. Bàálù tó ń gbé wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè fò ó láìsí ìṣòro. Èrò ni kò tó. Bàálù ńlá tó ń ré òkun kọjá sábà máa ń ní ìjókòó tó lé ní igba, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ẹni jókòó sórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nígbà àlọ àti nígbà àbọ̀, ní ọjọ́ púpọ̀ lọ́sẹ̀, kí owó epo tó lè yọ. Nítorí náà, àwọn iléeṣẹ́ bàálù máa ń kó èrò láti ìlú púpọ̀ jọ sí ibùdó kan, kí wọ́n tó fi bàálù ńlá gbé wọn sọdá. Ẹni tó ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé Ìbàdàn ni yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀. Addis ni Ìbàdàn ti Ethiopian Airlines, Johannesburg sì ni ti àwọn ará Gúúsù Áfíríkà.

Ó dùn mí láti rántí pé ọ̀nà kan ti wà tó dára ju gbogbo èyí lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ bàálù Cabo Verde bẹ̀rẹ̀ sí fò láti erékùṣù Sal wá sí Èkó, wọ́n sì ní bàálù láti Sal sí Salvador pẹ̀lú. Èkó sí Sal jẹ́ nǹkan bí 3,070 kìlómítà, Sal sí Salvador jẹ́ nǹkan bí 3,700. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 6,800, bàálù méjì péré, kò sì sí ibi tí èèyàn ti ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Inú èmi àti àwọn oníbàárà mi dùn sí i gan-an. Àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n ti ojú ọ̀run pa, ọ̀nà náà sì parẹ́.

Ìrètí tó kù ni àdéhùn tí Nàìjíríà àti Bràsíìlì fọwọ́ sí lórí ọkọ̀ òfurufú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Brasília. Wọ́n kéde pé Air Peace ni yóò máa fò láti Èkó sí São Paulo. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà, ìrìn wákàtí mẹ́jọ. Lóòótọ́ ni São Paulo fi ẹgbẹ̀rún kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá Salvador sí gúúsù, tí ẹ ó sì ní láti padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju 7,800 lọ. Ìdajì ọ̀nà Addis ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè dáadáa nípa rẹ̀.

Ará Lisbon dáhùn pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ Yúróòpù sílẹ̀. Láti Èkó dé Paris jẹ́ nǹkan bí 4,700 kìlómítà, Air France sì ní bàálù láti Paris sí Salvador tààrà, nǹkan bí 8,000 kìlómítà. Bàálù méjì péré ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,700, kò sì sí São Paulo nínú rẹ̀. Láti Lisbon tí mò ń gbé pàápàá, bàálù TAP ń lọ sí Salvador. 6,500 kìlómítà ni. Bí mo bá fi ìlànà Olùkọ́ ṣe é, wákàtí 16 ni ẹ ó lò lójú ọ̀run bí ẹ bá gba Paris, nígbà tí ti Addis súnmọ́ 20. Fún ìyá ẹni ọdún 73, wákàtí mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré.

Atọ́nà Ìkẹjà dáhùn pé:

Ará Lisbon, ìṣirò yín péye, n kò sì bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kìlómítà nìkan kọ́ ni à ń wọ̀n. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá kí wọ́n tó lè pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, bíi Faransé, bí wọn kò tilẹ̀ ní fi ẹsẹ̀ kan ìta. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí kò tíì parí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá ní irú rẹ̀, wọ́n ó tún tò fún físà kejì lẹ́yìn físà Bràsíìlì. Bàálù Paris sí Salvador náà kì í lọ lójoojúmọ́, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá gbéra ṣe pàtàkì gidigidi: ẹ lè dúró fún wákàtí mẹ́rin, ẹ sì lè dúró mọ́jú.

Ọmọ Pópó Àgùdà dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọkàn mi ti balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ìyá mi kò ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà, nítorí náà ó dà bí ẹni pé Addis ni a ó gbà.

Ohun méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé a ó gbéra ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó sì dé Salvador ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí mo bá kà á, wákàtí 25 àti ogún ìṣẹ́jú ni mo rí, kì í ṣe 29. Èkejì, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìyá mi ń lò, aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, n kò sì mọ aago ìlú wo ni a ó máa wò.

Ará Bahia dáhùn pé:

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa ṣáájú. Ọdún méje rèé tí mo ti ń gbé ní Salvador, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sì ti rin ọ̀nà Èkó yìí láàárín àkókò náà.

Ohun tó sọnù nínú ìṣirò yín ni wákàtí mẹ́rin tó wà láàárín aago Nàìjíríà àti aago Bahia. Bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Èkó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ó jẹ́ níbí. Bahia kì í yí aago síwá sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bràsíìlì lápapọ̀ náà sì ti fòpin sí i ní ọdún 2019, nítorí náà mẹ́rin náà ni ó ń jẹ́ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ aago ìlú tí bàálù ti gbéra, yóò sì kọ aago ìlú tó bá dé, kò sì ní ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi aago Èkó nìkan ká ìrìn yín. Ẹ gbéra ní aago kan ọ̀sán. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún ẹ dé Addis ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ó máa pè é níbẹ̀, nítorí pé wọ́n fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Ẹ dúró fún wákàtí mẹ́rin, ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá alẹ́ Èkó. Wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ lójú ọ̀run yóò mú yín dé Guarulhos ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ Èkó, nígbà tí aago mẹ́fà ààbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù níbẹ̀. Ẹ dúró fún wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀, ẹ wọ bàálù kẹta ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Èkó, ẹ sì dé ọ̀dọ̀ wa ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, aago Èkó. Ẹ kà á: wákàtí 29 àti ogún ìṣẹ́jú. Nígbà àbọ̀, ìwé yóò ṣe òdì-kejì rẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ìrìn náà fi wákàtí mẹ́rin gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má bẹ̀rù nígbà náà.

Ẹ wo ohun kan nínú ìṣirò yìí tó ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Nínú wákàtí 29 náà, nǹkan bí ogún ni ẹ lò lójú ọ̀run, mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ tó kù jẹ́ ìdúró lásán ní pápákọ̀. Ìdúró yín nìkan ju gbogbo ìrìn tí bàálù tààrà ì bá rìn lọ.

Síbẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dín ìdúró Guarulhos kù. Ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ wọ Bràsíìlì, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè yóò ti yẹ ìwé ìrìnnà yín wò. Bí wọ́n bá ti fi Salvador sí ara ẹrù yín ní Èkó pàápàá, ní gbogbogbòò ẹ ó gba ẹrù náà fúnra yín ní Guarulhos, ẹ ó gbé e kọjá níwájú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ ó sì tún fi í sílẹ̀ fún bàálù abẹ́lé. Ìlà níbẹ̀ lè gùn púpọ̀ ní àárọ̀ tí bàálù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bá jọ balẹ̀. Wákàtí méjì kò tó. Ẹ sì rí i dájú pé Guarulhos náà ni bàálù abẹ́lé yín yóò ti gbéra, nítorí pé São Paulo ní pápákọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Congonhas, àwọn bàálù abẹ́lé pọ̀ níbẹ̀, ó sì lé ní 30 kìlómítà sí Guarulhos lójú títì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ẹni tó dàgbà sí Èkó náà yóò bọ̀wọ̀ fún.

Mo sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí São Paulo lọ́tọ̀, mo sì ra ti São Paulo sí Salvador lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, kí n lè dín owó kù. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta, èkejì sì ti lọ kí n tó jáde lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Wọ́n ní kò kan àwọn, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò sí lórí ìwé kan náà. Orí àga ni mo sùn mọ́jú, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní owó tó ju ohun tí mo rò pé mo ti fi pamọ́ lọ. Ẹ rà gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé kan, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá pẹ́, àwọn ni yóò wá bàálù mìíràn fún yín.

Tí ó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, mo máa gba iyàrá sítòsí Guarulhos fún òru kan, kí wọ́n na ẹ̀yìn, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun gbígbóná, kí a sì wọ bàálù Salvador ní ọjọ́ kejì. Ìrìn náà yóò di ọjọ́ méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń retí ìlú kan láti kékeré kò yẹ kí ó sùn lọ nínú mọ́tò tó ń gbé e wọ ìlú náà.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta dáhùn pé:

Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un lórí òògùn. Ẹ jẹ́ kí aago ọwọ́ ìyá wà ní aago Èkó ní gbogbo ìrìn náà, kí wọ́n sì máa lo òògùn ní aago mẹ́jọ Èkó bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Nínú ìṣirò tí Ará Bahia ṣe, ti alẹ́ àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí ìgbà tí ẹ ń dúró ní Addis, ti àárọ̀ yóò sì bọ́ sí ojú ọ̀run kí ẹ tó dé São Paulo. Tí ẹ bá wá dé Salvador, aago mẹ́jọ Èkó yóò jẹ́ aago mẹ́rin níbẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi dókítà wọn bí wọn yóò ṣe máa sún un díẹ̀díẹ̀ dé àkókò ibẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ ni kí òògùn wà, kì í ṣe inú ẹrù tí a fi sílẹ̀, kí ó sì ju iye ọjọ́ tí ẹ ó lò lọ.

Ìrìn Addis sí São Paulo ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹni tó bá jókòó ju wákàtí mẹ́rin lọ láìdìde, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ewu náà sì pọ̀ sí i fún àgbàlagbà. Ẹ gba ìjókòó etí ọ̀nà fún wọn, kí wọ́n lè máa dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìyọ ẹlòmíràn lẹ́nu, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n sì máa mu omi. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ bàálù pé wọ́n nílò kẹ̀kẹ́ arọ ní pápákọ̀ gbogbo. Kì í ṣe pé wọn kò lè rìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà láti ẹnu bàálù kan dé ẹnu èkejì lè gùn, ìdúró lórí ìlà sì ń rẹ àgbà.

Ọmọ Pópó Àgùdà dáhùn pé:

Mo ka gbogbo èsì yín sí ìyá mi létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi tí Olùkọ́ ti sọ pé Salvador kò fi ju 90 kìlómítà jìnnà ju Lọ́ńdọ̀nù lọ, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ó gba baba ńlá àwọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọkọ̀ onígbòkun fi ń ré òkun yẹn kọjá, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé ọjọ́ méjì kò pọ̀ jù fún àwọn.

Ohun tí a pinnu ni pé a ó gba Addis lórí ìwé kan ṣoṣo, a ó ní kí wọ́n fi òru kan há àárín Guarulhos àti Salvador, a ó sì béèrè kẹ̀kẹ́ arọ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ dúró di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ kí a tó sanwó, bóyá bàálù Èkó sí São Paulo tí Atọ́nà sọ yóò ti rọrùn láti rà nígbà náà. Ará Bahia, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú àwọn àdúgbò Salvador ni kò ní òkè púpọ̀, tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Ará Bahia dáhùn pé:

Ìlú olókè ni ìlú wa, ṣùgbọ́n Barra tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, wọ́n sì lè máa rìn níbẹ̀ láàárọ̀. Pelourinho, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ tó jọ ti Campos pọ̀ sí, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta. Ẹ fi takisí gbé wọn dé òkè, kí wọ́n wá máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ó balẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, mo máa wá pàdé yín ní pápákọ̀.